Píìnì Tó Há Nínú Ìbọn Ṣakabùlà: Ẹ Jẹ́ Kí Hámà Sinmi Ná

Ẹ̀yin Olóòtú wa,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú akitiyan lórí èdè wa. Iléyá ń bọ̀ lọ́nà, ọjọ́ kẹta rẹ̀ sì ni Ojúde Ọba ní Ìjẹ̀bú-Òde, níbi tí àwọn ìdílé Balógun yóò ti gun ẹṣin jáde, tí ìbọn yóò sì máa dún lákọlákọ. Àsìkò yìí ni wọ́n máa ń fa ṣakabùlà yọ láti orí àjà àti ẹ̀yìn ìlẹ̀kùn, òmíràn tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn láti èṣí. Àwọn ọdẹ Ìjẹ̀bú-Igbó àti Àgọ́-Ìwòyè tó ń gbé tiwọn wọ igbó lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ kì í sábà rí ìṣòro tí mo fẹ́ sọ yìí. Ìbọn tó jókòó ló ń dáràn. Wọ́n á fẹ́ tú u láti fọ̀ ọ́, píìnì kan, irin tóóró tó de páìpù mọ́ igi, á ní òun ò jáde, wọ́n á wá ìṣó àti hámà ńlá. Nígbà tí ìbọn náà bá fi máa dé àgbẹ̀dẹ, orí píìnì ti fẹ̀ bí olú, igi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti fọ́. Ohun tí à bá fi ọjọ́ mẹ́ta àti epo díẹ̀ ṣe ti wá di iṣẹ́ igi.

Kí n tó wọ inú rẹ̀, ọ̀rọ̀ òfin ní ṣókí. Ṣakabùlà, olókùúta ìṣáná àti oníkáàpù (káàpù ni ìdérí kékeré tí òòlù ìbọn ń lù kí iná lè ṣẹ́), wà nínú ìpín kẹta Òfin Ìbọn ọdún 1959: ó gba ìwé àṣẹ. Ìbọn ìléwọ́ yàtọ̀. Ìpín ohun tí a fi òfin dè pátápátá ni òfin náà kà á sí, kódà bí ó jẹ́ olókùúta tàbí oníkáàpù àtijọ́. Nítorí náà, bí ẹ bá bá ìbọn ìléwọ́ nínú àpótí bàbá àgbà, agbẹjọ́rò ni kí ẹ kọ́kọ́ pè kí ó bá yín mú ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá. Ẹ má tú u, ẹ má sì gbé e káàkiri ìgboro. Ṣakabùlà tó ní ìwé ni mo ń bá lọ.

Ohun àkọ́kọ́ ni kí ẹ mọ̀ bóyá ẹ̀tù wà nínú rẹ̀. Ẹni tó bá sọ pé ó ti pẹ́ jù kí ẹ̀tù tó lè ṣiṣẹ́ kò mọ ẹ̀tù. Bí omi kò bá kàn án, ẹ̀tù dúdú lè wà nínú ìbọn fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún kí ó sì gbiná. Ọdẹ tó ti inú igbó bọ̀ láìrí ẹran lè gbé ìbọn rẹ̀ kọ́ bó ṣe kì í, kí ó sì kú láìsọ fún ọmọ. Ẹ kọ́kọ́ yọ káàpù kúrò lórí ọmú tó ń jókòó lé, tàbí kí ẹ yọ òkúta ìṣáná kúrò lẹ́nu òòlù ìbọn. Ẹ kọ ẹnu ìbọn síbi tí kò séèyàn, kí orí ẹ̀yin náà má sì sí níwájú rẹ̀. Ẹ ti ọ̀pá ìkìbọn bọ ẹnu rẹ̀ títí yóò fi kan ìsàlẹ̀, ẹ fi ẹfun sàmì sí i ní déédéé ẹnu ìbọn, kí ẹ fà á jáde, kí ẹ sì tẹ́ ẹ sí ẹ̀gbẹ́ páìpù lóde, kí àmì ẹfun náà wà ní déédéé ẹnu. Orí ọ̀pá gbọ́dọ̀ dé ibi ihò iná, èyí tí iná ń gbà wọlé bá ẹ̀tù. Bí ó bá kù ní ìka méjì tàbí mẹ́ta kí ó tó débẹ̀, nǹkan wà nínú rẹ̀. Ìró náà ń sọ̀rọ̀: páìpù òfìfo á dún kéń bí irin bá kan irin, èyí tí ẹ̀tù àti àkísà wà nínú rẹ̀ á dún gbì. Àwọn ìbọn òyìnbó kan wà tí ìdí wọn ṣe tóóró nínú, tí ọ̀pá kì í fi dé ihò iná gan-an bí wọn ò tilẹ̀ kì í. Bí ó bá ti rú yín lójú, ẹ kà á sí ìbọn tí ó ní ẹ̀tù nínú.

Bí ẹ̀tù bá wà nínú rẹ̀, ẹ má yìn ín kí ó lè tán. Páìpù tó ti dípẹtà lábẹ́ ẹ̀tù àtijọ́ lè fọ́ sí yín lójú. Ẹ gbé e dúró, kí ẹ da omi sí i lẹ́nu títí yóò fi máa kán jáde ní ihò iná, kí ẹ fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, kí ẹ sì tún da omi sí i. Ẹni tó ti ṣe é rí ni kí ó fi irin olórí lílọ́, èyí tó lọ́ bí ìrù ẹlẹ́dẹ̀, fa àkísà àti ọta jáde. Ẹ sọ fún alágbẹ̀dẹ pé ó kún kí ẹ tó gbé e lé e lọ́wọ́. Àgbẹ̀dẹ kì í wà láìsí iná.

Ó ku píìnì. Ẹ jẹ́ kí a mọ ohun tó ń ṣe níbẹ̀ ná. Etí irin kéékèèké ni a jó mọ́ abẹ́ páìpù, méjì tàbí mẹ́ta, nígbà míì mẹ́rin bí páìpù bá gùn. Etí wọ̀nyí á wọ inú igi, píìnì á sì gba ẹ̀gbẹ́ igi kan wọlé, á la ihò etí náà kọjá, á yọ sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Òun ló de páìpù mọ́ igi láti àárín dé ẹnu. Ìdí páìpù ní bóòtù tirẹ̀, èyí tó ń ti òkè lọ bá irin abẹ́ igi. Píìnì kò nípọn, ó sábà máa ń tó mílímítà méjì. Irin rírọ̀ ni, ìdí rẹ̀ gan-an nìyẹn tí orí rẹ̀ fi ń fẹ̀ bí a bá lù ú láìbìkítà.

Ohun mẹ́rin ló sábà ń dì í mú, ìwòsàn wọn kò sì rí bákan náà. Ìpẹtà ni àkọ́kọ́. Irin tó bá di ìpẹtà máa ń gba àyè ju bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ lọ, nítorí náà píìnì tó ń yọ̀ wọlé lọ́jọ́ tí wọ́n ṣe é á wá fún mọ́ ihò rẹ̀ pinpin. Ẹ ó rí àwọ̀ pupa tó yí i ká lára igi. Èkejì ni igi tó wú. Ní ìgbà òjò tiwa níbí, igi tó wà nílé tí òrùlé rẹ̀ ń jò á mu omi, á sì fún píìnì mọ́ra. Èyí kò fẹ́ epo rárá. Ẹ gbé ìbọn sí yàrá tí afẹ́fẹ́ ń wọ̀, lókè ilẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì. Ẹ má sá a sóòrùn, ẹ má sì gbé e sórí àdògán, nítorí igi tó bá gbẹ lójijì á là. Ẹ̀kẹta ni orí tó ti fẹ̀, èyí tó jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ ẹni tó kọ́kọ́ fi hámà lù ú. Píìnì irú èyí kò lè gba inú ihò rẹ̀ kọjá láéláé, ẹ̀yin ẹ kàn ń fi agbára fọ́ igi ni. Ẹ fi fáìlì kékeré gé etí tó fẹ̀ náà kúrò títí yóò fi bá ara píìnì dọ́gba, kí ẹ lẹ pépà tó nípọn mọ́ igi yíká kí fáìlì má baà họ ọ́. Ẹ̀kẹrin ni píìnì tó tẹ̀ tàbí tó tinrin sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ẹ wo orí méjèèjì dáadáa. Bí ọ̀kan bá kéré ju èkejì, orí kékeré ni kí ẹ lù, kí orí ńlá jáde. Ẹni tó bá lu orí ńlá ń kàn án wọlé sí i ni. Yóò yà yín lẹ́nu bí àṣìṣe yìí ṣe pọ̀ tó.

Fún ìpẹtà, ẹ po kẹrosíìnì ìdá méjì mọ́ epo gíà ìdá kan, èyí tó tinrin tó pupa, tí wọ́n ń dà sí gíà ọkọ̀ tí kò nílò kílọ́ọ̀ṣì. Kẹrosíìnì nìkan á wọlé, á sì gbẹ kúrò kó tó ṣiṣẹ́ tán. Epo gíà nìkan kò ní tètè wọlé. Ẹni tó bá ní WD-40 lè lò ó, àmọ́ kí ó má fún un lù ú fààà, nítorí epo tó bá wọ igi á sọ ọ́ dúdú, á sì sọ okun rẹ̀ di rírọ̀. Síríńjì kékeré ló dára jù: ẹ̀kán kan sí orí kan, ẹ̀kán kan sí orí kejì, kí ẹ nu èyí tó bá ṣàn. Ẹ tún un ṣe láàárọ̀ àti lálẹ́ fún ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ fi hámà fẹ́ẹ́rẹ́ kan orí píìnì náà lẹ́ẹ̀mẹwàá lójoojúmọ́, pẹ̀lú pọ́ńsì, irin tóóró tí a fi ń ti píìnì jáde, kì í ṣe kó lè jáde, kí ìpẹtà inú rẹ̀ lè máa fọ́, kí epo sì rí ọ̀nà gbà.

Pọ́ńsì gbọ́dọ̀ tinrin ju píìnì lọ díẹ̀. Bí píìnì bá jẹ́ mílímítà méjì, kí pọ́ńsì jẹ́ ọ̀kan àtààbọ̀ tàbí kí ó lé díẹ̀. Ẹ lo kúkúrú láti fi bẹ̀rẹ̀, nítorí pọ́ńsì gígùn á tẹ̀, á fò, á sì họ igi. Nígbà tí píìnì bá ti rìn tó ìdajì ìka, kí ẹ wá mú gígùn. Ẹni tí kò bá ní pọ́ńsì lè ṣe é láti ara ìṣó tó le: kí ó fi fáìlì gé ẹnu mímú rẹ̀ kúrò, kí ó ṣe é ní pẹrẹsẹ, kí ó sì dín in yíká. Ìṣó tí ẹnu rẹ̀ ṣì mú kì í ṣe pọ́ńsì, ṣe ni yóò la píìnì kí ó sì fún un mọ́ ihò rẹ̀. Hámà tó wúwo bí ìgò kóòkù kékeré tó ṣófo ti tó. Ẹ̀gbẹ́ tí píìnì yóò gbà jáde gbọ́dọ̀ ní ìtìlẹ́yìn. Ẹ wá pákó kan, kí ẹ dá ihò tó tó ìka kékeré sí i, kí ẹ tẹ́ àkísà lé e lórí, kí ẹ sì gbé ìbọn lé e kí ibi tí píìnì máa gbà jáde bọ́ sójú ihò yẹn. Láìsí èyí, igi á fọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìjáde náà, wọn á sì máa bú igi pé ó ti jẹrà. Lílù kúkúrú, kíákíá, tó lọ tààrà, ló ń mú píìnì rìn. Bí ìgbà ogún bá kọjá tí kò mira, ẹ dúró. Ó ku ohun kan tí ẹ kò tíì rí.

Iná wà níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọgbọ́n ìkẹyìn, fún ìbọn tó ti dá yín lójú pé kò ní ẹ̀tù nínú nìkan. Ẹ nu gbogbo epo kúrò kí ó gbẹ, nítorí kẹrosíìnì á gbiná. Ẹ mú irin tí àwọn oníṣẹ́ rédíò fi ń jó wáyà, kí ẹ fi ẹnu rẹ̀ kan orí píìnì fún nǹkan bí ìṣẹ́jú kan, kí ẹ gbé e kúrò, kí ó tutù, kí ẹ tún ṣe é. Irin á fẹ̀, á sún kì, ìpẹtà tó dì mọ́ ọn á sì sán. Ẹ̀yìn náà ni kí ẹ tún kán epo sí i. Iná gáàsì tàbí ẹyín iná àgbẹ̀dẹ á jó igi dúdú kí píìnì tó gbọ́. Bí gbogbo èyí bá kùnà, dírìlì ló kù, ìyẹn sì nílò ọwọ́ tó mọ̀ ọ́n: píìnì rọ̀, àmọ́ igi rọ̀ jù ú lọ, dírìlì tó bá yà bàrá á gba inú igi lọ. Ẹ gbé e fún oníṣẹ́.

Mo fẹ́ tún sọ ètò ìtúká, nítorí àwọn kan a máa bẹ̀rẹ̀ láti ìdí. Ọ̀pá ìkìbọn ni kó kọ́kọ́ jáde lábẹ́ páìpù. Lẹ́yìn náà, ẹ̀rọ ìyìnbọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́: ẹ fa òòlù ìbọn sẹ́yìn dé ìdajì, kí ẹ tú sukúrúù ẹ̀gbẹ́ kejì rẹ̀, ọ̀kan tàbí méjì, ní yíyí mẹ́ta sí mẹ́rin péré, kí ẹ wá fi ìdí sukudiráfà kan orí rẹ̀ jẹ́jẹ́. Ẹ̀rọ náà á gòkè kúrò nínú igi déédéé. Ẹ má fi ọ̀bẹ yọ ọ́ látòde, etí igi tó dì í mú kò nípọn ju èékánná lọ. Ẹnu sukudiráfà gbọ́dọ̀ kún ojú sukúrúù náà pátápátá. Bí kò bá kún un, ẹ fi fáìlì gé èyí tó tóbi títí yóò fi bá a mu. Ẹ wá yọ píìnì láti iwájú wá sẹ́yìn, kí bóòtù ìdí gbẹ̀yìn. Ẹ mú páálí kan, kí ẹ dá ihò sí i, kí ẹ ki píìnì àti sukúrúù kọ̀ọ̀kan bọ̀ ọ́ bí wọ́n ṣe tò. Ìbọn àtijọ́, ọwọ́ ni wọ́n fi ṣe é, píìnì àkọ́kọ́ kì í sábà bá ihò kejì mu. Sípíríǹgì ńlá inú ẹ̀rọ náà, ẹ fi sílẹ̀ bí ẹ kò bá ní ohun ìdì rẹ̀. Ó lè fò bá ojú, kò sì sí ohun tí epo àti búrọ́ọ̀ṣì kò lè fọ̀ níbẹ̀ láìtú u.

Bí páìpù bá ti kúrò lára igi, omi ló máa fọ̀ ọ́. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń fi kẹrosíìnì nù ún, wọ́n á rò pé ó mọ́. Ohun tí ẹ̀tù dúdú ń fi sílẹ̀ kún fún iyọ̀, kẹrosíìnì kò sì lè yọ́ iyọ̀. Iyọ̀ yẹn á máa fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra, páìpù á sì máa dípẹtà lábẹ́ epo tí ẹ fi pa á. Ẹ ki ìdí páìpù bọ inú báàkẹ́tì omi gbígbóná tí ẹ ti po ọṣẹ sí, kí ihò iná wà nínú omi. Ẹ wé àkísà mọ́ ọ̀pá kí ó kún inú páìpù, kí ẹ máa fà á lọ sókè sódò. Omi á máa gba ihò iná wọlé, á sì máa gba ibẹ̀ jáde dúdú bí omi èédú. Ẹ pààrọ̀ omi títí yóò fi mọ́ lójú yín, ó lè tó ìgbà márùn-ún. Omi híhó ni kí ó kẹ́yìn, kí ẹ fi àkísà wé ọwọ́. Irin tó bá gbóná ni yóò gbẹ ara rẹ̀. Ẹ nù ún pẹ̀lú àkísà gbígbẹ, kí ẹ sì fi epo pa á nígbà tó ṣì lọ́wọ́ọ́wọ́, nítorí láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ ni àwọ̀ pupa ń yọ lára irin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ́.

Epo wo? Epo máṣíìnì ìránṣọ ló bá a mu jù. Epo pupa, rárá. Ó máa ń kan, á sì di gọ́ọ̀mù nínú ẹ̀rọ. Àdín sàn jù ú lọ, síbẹ̀ kò tó epo máṣíìnì. Ihò iná, ẹyọ ọwọ̀ kan ni kí ẹ fi gún un. Irin á máa fẹ̀ ẹ́ lójoojúmọ́, ihò tó bá fẹ̀ á máa tu iná sí ẹni tó ń yìn ín lójú.

Fún ìpẹtà òde, ẹ lo kànrìnkàn onírin tó rọ̀ jù lọ pẹ̀lú epo, kí ẹ máa fà á ní ọ̀nà kan. Àwọn kan ń fi omi bátìrì tàbí ọsàn wẹ́wẹ́ sí i kí ó lè tètè funfun. Ó máa funfun lóòótọ́, á sì jẹ àmì tí wọ́n tẹ̀ sára páìpù náà. Àmì adé pẹ̀lú ọ̀pá àṣẹ méjì tó dábùú ara wọn ń sọ fún yín pé wọ́n dán páìpù náà wò ní Birmingham, ilé ìdánwò tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1813. ELG nínú àyíká bí ẹyin ń sọ pé Liège ní Bẹ́ljíọ̀mù ló ti wá. Ẹni tó bá pa àmì yẹn rẹ́ ti pa ìtàn ìbọn náà rẹ́, iye rẹ̀ sì bá a lọ. Páìpù omi tí wọ́n fi ṣe ìbọn nílé kò ní àmì ìdánwò kankan, ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí ẹ wò ó ju ti òyìnbó lọ: ẹ fi ọwọ́ ra á láti ìdí dé ẹnu bóyá ibì kan wú, kí ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sínú rẹ̀ bóyá ìpẹtà ti gbẹ́ kòtò síbẹ̀. Bí ó bá wú tàbí tó ní kòtò jíjìn, kí ó di ohun àgbékọ́ sára ògiri.

Nígbà tí ẹ bá ń dá a padà, bí píìnì bá ti bàjẹ́, sípóòkù kẹ̀kẹ́ ni kí ẹ wá. Ọ̀pọ̀ rẹ̀ jẹ́ mílímítà méjì gan-an, ó sì le ju ìṣó lọ. Àwọn oníkẹ̀kẹ́ ní ọjà Fálàwọ̀ ní Ṣágámù tàbí Òkè-Àjẹ ní Ìjẹ̀bú-Òde kì í ṣe aláìní in. Ẹ gé e kúrú ju ìbú igi lọ ní ìwọ̀n díẹ̀, kí ẹ fi fáìlì yí orí méjèèjì po kí ó má baà họ igi, kí ẹ fi ìda oyin pa á lára, kí ẹ sì fi ìka tì í wọlé. Bí ìka kò bá tì í dé ìdajì, ihò etí irin kò tíì bọ́ sójú ihò igi: ẹ tẹ páìpù mọ́ igi dáadáa kí ẹ tó mú hámà. Ìda ni yóò jẹ́ kí ẹni tó máa tú u ní ọdún mẹ́wàá sí i rí i tú.

Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, ẹ ti àkísà funfun wọ inú páìpù. Bí ó bá jáde pẹ̀lú àwọ̀ ìpẹtà, iyọ̀ ṣì wà níbẹ̀, ẹ padà sí báàkẹ́tì omi gbígbóná.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Alágbẹ̀dẹ kan ní Òkè-Ṣọpẹ́n, Ìjẹ̀bú-Igbó.